Ilé Kékeré Ẹ̀yìnkùlé Nedra

Ní Hobble Fork, omi tó ń ti orí òkè wá, tí wọ́n fi ń bomi rin ọ̀gbìn, ní ọjọ́ àti wákàtí tirẹ̀ lọ́dọ̀ oníkálukú. Ti Nedra Thygesen ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti aago méjì ọ̀sán títí di aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn bá ti pé, omi di ti Delwin Ostler, nítorí àgbàlá tirẹ̀ ló kàn, òun ló sì gbẹ̀yìn. Ohun tó kù lẹ́yìn Delwin kò ju pápá àti òkúta lọ.

Bí wọ́n ṣe ń gba omi lọ́wọ́ ara wọn ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà àwọn baba ńlá tó fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ipa omi náà. Ẹni tó kàn yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ìdí pákó tó dá omi dúró, yóò béèrè pé, "Ṣé ó ti tó yín?" Ẹni tí wákàtí rẹ̀ ń parí lọ yóò dáhùn pé, "Ó ti tó." Ìgbà náà ni ẹni tó kàn yóò tó fa pákó sókè. Kò sẹ́ni tó ń dáhùn pé kò tó, bí ọ̀gbìn rẹ̀ tilẹ̀ ti rọ sílẹ̀. Ìkíni lásán ni. Àmọ́ bí ẹnì kan bá fa pákó láìbéèrè, ó ti sọ̀rọ̀ nìyẹn, gbogbo òpópó ló sì máa gbọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni Delwin Ostler fi fa pákó Nedra láìbéèrè. Yóò dé pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún, yóò wo aago ọwọ́ rẹ̀, yóò fa pákó, yóò sì yí padà sílé. Nedra a dúró lábẹ́ igi èso rẹ̀, a máa wo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin náà bó ṣe ń lọ. Ó mọ ìdí tí kò fi béèrè. Ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀ràn náà kò tó bẹ́ẹ̀.

Inú ilé tó ń gbé náà ni wọ́n bí i sí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé ìwé ìlú náà, kò sì sí ọmọ bíbí Hobble Fork kan láàárín ogún ọdún sí àádọ́ta tí kò jẹ búrẹ́dì rìbìtì ọwọ́ rẹ̀ dàgbà. Búrẹ́dì náà rọ̀, ó pọ́n lórí, bọ́tà a sì máa dán lára rẹ̀. Bí ènìyàn bá bímọ, Nedra a gbé e lọ. Bí ènìyàn bá ṣòfò, a gbé e lọ. Bó bá sì ń wá nǹkan lọ́wọ́ rẹ, a gbé e wá bákan náà. Àwọn tó gbọ́n ní ìlú wa, bí wọ́n bá rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú abọ́ tí a fi aṣọ bò, wọ́n a kọ́kọ́ bi ara wọn pé ta ló kú, ta ló bímọ. Bí kò bá sí, wọ́n a múra sílẹ̀.

Verl ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́jọ. Nínú ọmọ mẹ́rin tí wọ́n bí, mẹ́ta ti fọ́n ká sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Èyí tó kù nítòsí ni Janae, àbíkẹ́yìn, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní ilé ìwé tí ìyá rẹ̀ ti dáná. Ìlú náà ni iṣẹ́ Janae wà, kì í ṣe ìlú náà ló ń gbé. Owó tíṣà kò ká ilé ní Hobble Fork mọ́. Láti ìgbà tí àwọn ará Kalifóníà ti mọ ọ̀nà ibẹ̀, ìlú tí gbogbo ènìyàn ti ń mọ ajá ara wọn lórúkọ ti di ìlú tí ilé ń hù lára òkè rẹ̀ lóṣooṣù, ilé ńláńlá tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ mẹ́ta mẹ́ta wà níwájú wọn. Kò sí èyí tó kéré nínú wọn. Janae àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì háyà ìsàlẹ̀ ilé ẹnì kan ní òdìkejì òkè, àádọ́ta ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà tó gba àárín òkúta méjì kọjá, odò sì wà nísàlẹ̀.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún tó kọjá, ọkọ̀ Janae yọ̀ lórí yìnyín níbẹ̀. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró lórí àwọn òkúta tó wà létí odò. Àwọn ọmọ méjèèjì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó farapa ju ẹnu ọgbẹ́ kékeré kan lágbọ̀n Janae, àwọn ọmọ náà tilẹ̀ dé ilé ìwé kí aago ọ̀sán tó lù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Nedra ti ń jí ní aago mẹ́fà àbọ̀ láràárọ̀ ìgbà òtútù, tí yóò dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, títí Janae yóò fi pè é láti ilé ìwé pé àwọn ti dé. Kì í jẹun títí fóònù yóò fi dún. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan wà tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ fi jókòó ní olú ìlú, tí wọ́n ṣe òfin kan nítorí àwọn ìlú tó ń gbèrú. Wọ́n ní ìlú tó bá ń dàgbà tó Hobble Fork kò gbọdọ̀ dí onílé lọ́wọ́ mọ́, bó bá fẹ́ kọ́ ilé kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ kí ènìyàn máa gbé e. Ìlànà ìlú yòówù tó bá lòdì sí i ti di òfo.

Nedra kì í ṣe ẹni tó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará olú ìlú. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá irú òfin bẹ́ẹ̀ lábàá lọ́dún mẹ́ta ṣáájú, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn pé kí wọ́n gbájú mọ́ èéfín tó bo ìlú tiwọn, kí wọ́n fi ti Hobble Fork sílẹ̀. Lẹ́tà náà ṣì wà lára fìríìjì rẹ̀ ní ọjọ́ tó gbọ́ pé òfin ti jáde. Ó yọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó pe ẹni tó ń ya àwòrán ilé.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó lọ sí ọ́fíìsì ìlú. Tamra, akọ̀wé ìlú, ló bá níbẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Sìstá Nedra. Mo ti rí àwòrán yín. Ilé yẹn máa dùn wò o."

"Ṣé kò ní wàhálà?"

"Ilé kò ní wàhálà. Nígbà tí àwọn aṣòfin ti sọ̀rọ̀, ta ni èmi Tamra? Omi ló kù."

"Omi wo?"

Tamra yí àwòrán náà sí i. "Páìpù omi mímu tó máa lọ sí ilé ẹ̀yìn yìí, abẹ́ ipa omi ló máa gbà. Kò síbòmíràn tó lè gbà. Ẹ sì mọ òfin ẹgbẹ́ olómi."

Nedra mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́ ipa omi tàbí kó gba abẹ́ rẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ láti ọwọ́ ẹni tó ń gba omi nísàlẹ̀ rẹ̀. Òfin náà ti pẹ́ ju ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn aṣòfin tó ṣe òfin ilé yìí fò ó dá, nítorí wọ́n mọ̀ pé aṣòfin tó bá fọwọ́ kan omi àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa kò ní padà sórí àga.

"Ta ló wá wà nísàlẹ̀ mi?" Nedra béèrè, bí ẹni tí kò mọ̀.

"Sìstá Nedra, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo mọ̀, mo mọ̀."

"Ẹ gbé búrẹ́dì lọ fún un."

"Kò ní jẹ ẹ́," ni Nedra wí. Ó ká àwòrán rẹ̀, ó jáde.

Ọ̀ràn àárín òun àti Delwin kò le láti sọ. Lọ́dún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, Delwin ra ilé irin gígùn kan tó ní táyà lábẹ́, ó wọ́ ọ wá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fún Rulon ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Rulon ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, wọ́n ti bí ọmọ, iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìfúnwàrà kò sì gbé ilé. Ilé irin náà kò dára lójú. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná Nedra, òun lènìyàn ń kọ́kọ́ rí kó tó rí òkè. Nedra kò bá Delwin sọ ọ́. Ó jókòó, ó kọ ìwé ẹ̀hónú sí ìgbìmọ̀ ìlú, ó po ìyẹ̀fun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn láti òpópó dé òpópó. Ta ló fẹ́ jẹ búrẹ́dì Nedra kó tó wá ní òun kò fọwọ́ sí i? Orúkọ méjìléláàádọ́fà ló kó dé gbọ̀ngàn ìlú. Ó dìde níbẹ̀, ó ka ìwé náà ketekete, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbìmọ̀ ìlú ṣe ìlànà lọ́jọ́ náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé nínú ohunkóhun tó bá wà lẹ́yìn ilé mìíràn.

Kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, Rulon ti kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Nẹ̀fádà, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Arvilla, ìyàwó Delwin, kú lọ́dún kẹfà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ló fojú kan ọmọ-ọmọ rẹ̀ láàárín ìgbà náà. Níbi oúnjẹ ìsìnkú rẹ̀, Delwin bu ẹran, ó bu ọ̀dùnkún oníwàràkàṣì, ó dé ibi tí wọ́n kó búrẹ́dì rìbìtì sí, ó sì kọjá. Nedra ló ń pín búrẹ́dì. Ó rí i. Ó lọ sílé, ó sọ fún Verl pé ọkàn Delwin ti le jù fún ẹlẹ́sìn. Verl, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ní, "Ìwọ lo lé ọmọ ẹ̀ lọ, Nedra." Kò tún mẹ́nu bà á mọ́ títí tó fi kú.

Aṣesílẹ̀ làbọ̀wábá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ń rò pé òun náà yóò bọ̀ wá bá ohunkóhun.

Nedra ṣì ń ronú bí yóò ṣe lọ bá Delwin nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún ló wà níbẹ̀, ó wọ bàtà eré ìje, ó gbé búrẹ́dì elégédé dání, pépà sì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ní Courtney ni orúkọ òun, òun ló ni ilé aláwọ̀ eérú tó wà lára òkè.

"Ẹ káàsán, mà. Mi ò ní pẹ́. À ń kó orúkọ jọ nítorí òfin tuntun yẹn ni. Wọ́n ní ẹnì kan fẹ́ kọ́lé sí ẹ̀yìnkùlé ní òpópó yìí. Ẹ sì mọ̀ pé bí a bá gbà fún ẹnì kan, ìlú ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Ṣé aṣòfin ò ti ní kò sí ẹni tó lè dá a dúró mọ́?"

"Ọ̀rọ̀ omi ṣì wà, mà. Bàbá àgbà kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá rí orúkọ púpọ̀, kò ní gbà." Courtney na búrẹ́dì náà sí i. "Èmi ni mo ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí lẹ mọ iyì ìlú yìí, ẹ bá wa kà á."

Nedra wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á. Ìwé náà sọ pé: *A kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Ilé kan lórí ilẹ̀ kan ni àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa, bẹ́ẹ̀ náà ni kí àwọn ọmọ wa bá a. Ẹni tó bá fẹ́ gbé láàárín wa, kí ó wá ilẹ̀ tirẹ̀.*

Ó tún un kà. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó rántí orí tábìlì tó ti kọ ọ́, ó rántí pé ìlà kẹta mú inú rẹ̀ dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

"Ta ló bá yín kọ ọ́?"

"Inú ìwé àtijọ́ ìlú la ti rí i," ni Courtney wí, inú rẹ̀ dùn. "A kàn dà á kọ ni. Ẹni tó kọ ọ́, ẹ ò rí i pé ó mọ ohun tó ń ṣe?"

"Níbo ni bàbá tìrẹ wà?"

"San Diego, mà. Ó ń ta kẹ̀kẹ́."

"Òun ló fi ilé kan lórí ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún ọ ní Hobble Fork?"

Courtney rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò mọ̀ bóyá eré ni. "Ọ̀nà àtisọ̀rọ̀ ni, mà. Àjèjì kan ló fẹ́ kọ́ ilé ọ̀hún, wọ́n ní ó fẹ́ fi háyà."

"Èmi ni," Nedra sọ. "Ọmọ mi ló máa gbé e. Òun ló ń kọ́ ọmọ yín níwèé, bóyá."

Ojú Courtney pọ́n dé etí. Ó gba pépà rẹ̀. Ó fẹ́ gba búrẹ́dì elégédé náà pẹ̀lú, ó tún un rò, ó fi í sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nedra dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi dé ìsàlẹ̀ òpópó. Ojú tì í, kì í sì í ṣe nítorí Courtney. Ó ti wá mọ bó ṣe ń rí kí ènìyàn dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ yẹn sí i létí.

Ní ọjọ́ Ajé, ó dáná ààrò, ó sun búrẹ́dì méjìlá, ó fi aṣọ bò ó. Nígbà tó dé ẹnu géètì, ó yí padà, ó gbé e sílẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ó lọ lọ́wọ́ òfo.

Delwin jókòó sí iwájú ilé, ó ń fi òkúta pọ́n ẹnu ṣọ́bìrì. Wọ́n jọ dàgbà ni, wọ́n jọ jókòó ní kíláàsì kan. Kí ọ̀ràn tó dé, "Nedra" ló ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ẹni tí Delwin ń fún lọ́wọ̀.

"Sìstá Thygesen."

"Delwin."

"Ẹ ò gbé búrẹ́dì dání."

"Mi ò gbé e."

"Ó ṣeun. Àwọn adìyẹ mi ti sanra jù."

Nedra kò rí àga jókòó, Delwin kò sì fún un. "Mo fẹ́ kọ́ ilé kékeré sẹ́yìn fún Janae. Páìpù rẹ̀ máa gba abẹ́ ipa omi."

"Mo gbọ́. Ọmọbìnrin kan láti orí òkè gbé ìwé kan wá kí n kà á. Mo ní kó má dààmú, mo ti kà á rí."

Òkúta ń dún lára ṣọ́bìrì. Nedra dúró títí ó fi dákẹ́.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, Delwin. Èmi ni mo lé Rulon lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Delwin wí, bí ẹni tó ń gbà pé òjò rọ̀ lánàá.

"Ọkọ̀ Janae ṣubú lójú ọ̀nà yẹn. Àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀. Mi ò lè sùn mọ́ nígbà òtútù. Ṣé wàá fọwọ́ sí i fún mi?"

Delwin fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu ṣọ́bìrì náà wò. "Níbo lẹ ti sọ̀rọ̀ tiyín nígbà yẹn? Ṣé ẹ wá sọ ọ́ fún mi níbí?"

"Rárá. Gbọ̀ngàn ìlú ni."

"Ibẹ̀ ni màá ti sọ tèmi. Wọ́n ní ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni." Ó dìde. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Sìstá Thygesen."

Nedra kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìyẹn. Nígbà tí Janae bi í lórí fóònù, ó ní, "Ó ní òun máa sọ̀rọ̀." Janae ní, "Ṣé ohùn ẹ̀ dáa?" Nedra ní, "Ohùn Delwin ni."

Lọ́jọ́bọ̀, ní aago méje ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣì wà lórí òkè. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn onílé ńlá jókòó sápá ọ̀tún, àwọn ọmọ ìlú sápá òsì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe láìsẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Alága ìlú, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́, ṣàlàyé pé nínú òfin tuntun, ìgbìmọ̀ ìlú kò lè dá ilé Sìstá Thygesen dúró. Ó ní bí Brọ́dà Ostler bá fọwọ́ sí ìwé omi, ó parí. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ó parí náà nìyẹn. Ó ní síbẹ̀ àwọn yóò gbọ́ ẹnu gbogbo ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé àwọn kò gbọ́.

Courtney ló kọ́kọ́ dìde. Ó ka ìwé rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó dé *kí ó wá ilẹ̀ tirẹ̀*, apá ọ̀tún pàtẹ́wọ́, àwọn kan ní apá òsì náà pàtẹ́wọ́, pàápàá àwọn àgbà, nítorí ọ̀rọ̀ náà jọ ohun tí wọ́n ti gbà gbọ́ tipẹ́. Delwin jókòó sẹ́yìn pátápátá. Fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún.

Nedra dìde. Janae wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ọwọ́ Nedra kò mọ ibi tí yóò wà, nítorí pé láti ọjọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn, abọ́ ló ti ń gbé dání.

"Ìwé tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún yìí," ó ní, "èmi ni mo kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀, ẹ ò kàn fẹ́ sọ. Orí tábìlì mi ni mo ti kọ ọ́, láti lé Rulon Ostler kúrò lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé a kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ràn bí ilé wọn ṣe rí lójú fèrèsé mi, kò sí ohun mìíràn. Nítorí ojú fèrèsé mi ni Arvilla ṣe kú láìmọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ dunjú. Mo fi búrẹ́dì bẹ̀ yín, ẹ jẹ ẹ́, ẹ sì fọwọ́ sí i. Bí Delwin bá ní òun ò gbà lónìí, ẹ má bá a wí. Mo ti parí ọ̀rọ̀ mi."

Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Alága wúkọ́, ó ní, "Brọ́dà Ostler, ṣé ẹ ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ?"

Delwin rìn wá síwájú, kò yára. Nedra wo bàtà rẹ̀. Bàtà ọjọ́ ìsinmi ló wọ̀.

"Lọ́jọ́ tí òfin yẹn jáde, mo pe Rulon," ó ní. "Mo ní, máa bọ̀ o, àyè ti wà lẹ́yìn ilé báyìí, àwọn aṣòfin ti ní kò sẹ́ni tó lè lé ọ. Ó ní, 'Dádì, mo ti kọ́lé síbí láti ọdún mọ́kànlá.' Ó ní ọmọ òun, èyí tó wà lọ́wọ́ nígbà yẹn, ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo ro ti òun." Ó yí sí Tamra. "Níbo ni pépà náà wà?"

Tamra na pépà àti bírò sí i. Delwin fọwọ́ sí i ní ìdúró, ó fi fìlà rẹ̀ dé orí, ó sì gba àárín àwọn ìjókòó jáde. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nedra, kò wò ó. Janae ń sunkún, ó ń di ìyá rẹ̀ mú, àwọn kan ń wá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Nedra ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ohun tó fẹ́ ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì dùn ún ju kí Delwin kọ̀ fún un lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Nedra dúró sí ìdí pákó, ó ń retí. Delwin dé, ó wo aago rẹ̀, ó fa pákó. Kò béèrè. "Ó ti tó," ni Nedra wí fún ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Delwin ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ ló sì rí títí yìnyín fi dé tí wọ́n fi sé omi lókè. Nedra kò bínú. Ìwé omi ló bẹ̀ ẹ́ fún, ìwé omi ló sì rí gbà.

Àwọn òṣìṣẹ́ da sìmẹ́ǹtì ìpìlẹ̀ kí ilẹ̀ tó dì. Wọ́n bo ilé náà lórí, wọ́n ṣe inú rẹ̀ nígbà òtútù, iyàrá méjì àti ilé ìdáná tó kéré tó jẹ́ pé ẹni méjì kò lè yí nínú rẹ̀ láìforí gbárí. Nedra tún fi ìgbà òtútù kan sí i dúró lójú fèrèsé ní aago mẹ́fà àbọ̀. Ní òpin oṣù kẹta, Janae kó ẹrù rẹ̀ wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Nedra jí ní aago mẹ́fà àbọ̀, ó dúró lójú fèrèsé, ó rí iná lójú ilé kékeré náà, ó rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń wá bàtà. Ó lọ jẹun.

Nígbà tí wọ́n tú omi sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún, ìbàdí Nedra ti ń dùn ún. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, Janae ló lọ dúró sí ìdí pákó lẹ́yìn tó ti ilé ìwé dé. Nedra wà nínú ilé ìdáná, ó ń sun búrẹ́dì. Ó rí Delwin láti ojú fèrèsé, ó ń bọ̀ nínú bàtà rọ́bà rẹ̀. Ó dé ìdí pákó. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ lé pákó náà, kò fà á. Nedra rí i tí ẹnu rẹ̀ ṣí. Ó rí i tí Janae dáhùn. Ìgbà náà ni pákó gòkè, tí omi yí orí padà.

Janae wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. "Mọ́mì, Brọ́dà Ostler bi mí bóyá ó ti tó."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ó ti tó. Kí ni ǹ bá tún sọ?"

Nedra fa abọ́ búrẹ́dì jáde nínú ààrò. Ó fi bọ́tà pa á lórí, ó pẹ́ lórí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Janae tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ kí n gbé mẹ́fà lọ fún un, wọ́n ṣì gbóná."

"Má gbé e lọ," ni Nedra wí. "Ìwọ ló bi. Kì í ṣe èmi."